Bùútù tó ń dá ṣí, àti bátìrì kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè

Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́rin tó ń fi iná mànàmáná rìn ni wọ́n ti wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Méjì ti Ṣágámù wá, ọ̀kan ti Ìpẹ̀rú, èyí tó kù kò jìnnà ju Mọ̀lípà níbí lọ. Kò sí èyí tí bátìrì ńlá rẹ̀ bàjẹ́ nínú wọn, kò sí èyí tó forí sọ nǹkan. Ohun kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹni tó ni ín fẹ́ kí bùútù máa dá ṣí kó sì máa dá pa, ó wá gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ju kó bó wáyà, kó lọ́ ọ pọ̀, kó fi téèpù dúdú wé e, kó gbowó.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ bùútù tó ń dá ṣí. Ohun tó dáa ni. Màmá tó gbé ẹrù lọ́wọ́ méjèèjì láti ọjà Òkè-Ajé, tí bùútù bá ṣí fún wọn láìfọwọ́ kàn án, ó yẹ wọ́n. Ọkọ̀ oníná Tesla Model 3 tó kọ́kọ́ jáde ní 2017, ọwọ́ ni a fi ń gbé bùútù rẹ̀. Ìgbà tó di ti 2021 ni ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ sí i. Àwọn ti ìṣáájú yẹn ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù, tàwọn ti páálí kan lọ́wọ́. Ọ̀pá oníná méjì ló wà nínú páálí náà, tí yóò gba ipò ọ̀pá gáàsì. Àpótí kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ìdè bùútù tuntun. Àti ìdì wáyà. Bí a ṣe ń yọ pílásítíìkì etí bùútù àti bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ̀pá, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lé e. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi lè ṣe ìyẹn.

Ibi tí àpótí yẹn ti ń mu iná ni kí ẹ bá mi wò.

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ oníná. Èyí tó tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni ẹ ń gbá iná sí, iná rẹ̀ lé ní fóòtì (volt) 300. Èkejì kéré, fóòtì 12 ni, ó jọ ti ọkọ̀ epo. Èyí kékeré yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń jí àwọn kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń fa àwọn rílè ńlá, ìyẹn àwọn súwíìṣì oníná tó so bátìrì ńlá mọ́ ara ọkọ̀. Tí kékeré bá kú, rílè kò ní fà, bátìrì ńlá ì báà kún dẹ́nu, ọkọ̀ kò ní mira. Ó dà bí ẹni tó ní iṣu rẹpẹtẹ nínú àká, tí kọ́kọ́rọ́ àká wá já sí kànga.

Ẹ tún má ṣe rò pé ọ̀tánétọ̀ (alternator) kan wà níwájú bíi ti ọkọ̀ epo tó ń gbá iná sí kékeré náà. Kò sí. Inú bátìrì ńlá ni ọkọ̀ ti ń bu iná, tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí fóòtì 12, tó sì ń dà á sí kékeré. Tí ọkọ̀ bá sùn, ohun gbogbo ló yẹ kó sùn, kí kékeré lè sinmi. Ẹ wá so àpótí tí kì í sùn mọ́ ọn. Ámpìà ni a fi ń wọn iná tó ń ṣàn; ká ní ààbọ̀ ámpìà péré ló ń mu. Láàárín ojúmọ́ kan, ámpìà-wákàtí 12 ti lọ. Bátìrì kékeré inú àwọn Model 3 àkọ́kọ́ kò ju 45 lọ. Ẹ ṣírò ó: kò pé ọjọ́ mẹ́rin. Lóòótọ́, ọkọ̀ á máa jí láti fún un ní iná, ṣùgbọ́n jíjí-sùn, jíjí-sùn yìí ló ń sọ bátìrì olójé di arúgbó kíákíá, ó sì ń jẹ bátìrì ńlá díẹ̀díẹ̀ níbi tí ẹ gbé e sí. Tí ńlá bá wá lọ sílẹ̀ jù, ọkọ̀ á dáwọ́ dúró, kò ní bu iná fún kékeré mọ́. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nítorí náà, bí mo bá ti so ó tán, mi ò ní fún yín ní ọkọ̀ yín. Màá tì í pa, màá kúrò nídìí rẹ̀ fún wákàtí kan kó lè sùn dáadáa, lẹ́yìn náà ni màá wo ohun tí wáyà àpótí yẹn ń mu lórí mítà. Mílíámpìà 10 ni òpin tí mo gbà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá tú u. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé mo ń fi nǹkan falẹ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n falẹ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀gá mi kò sì jẹ́ kí n gba fírídọ̀mù títí tí mo fi lè so wáyà tí wọ́n á fi sínú korobá omi mọ́jú, tí mítà kò ní yí padà.

Ìsopọ̀ wáyà ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọ̀pá oníná bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin bùútù, mo ti rí i lórí mítà mi tó kọjá ámpìà 10. Ẹ ò lè gba ìyẹn kọjá lára wáyà tínńrín tí ẹ fi kílíìpù bù jẹ. Kílíìpù pílásítíìkì tó máa ń wà nínú páálí yẹn, tí a ń fi púláyà tẹ̀ pa mọ́ wáyà, mo máa ń kó o dà nù lójú ẹni tó gbé e wá. Ó ń gé lára fọ́nrán bàbà, ó sì ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ fún omi. Lójú ọjọ́ tiwa níbí, láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá, omi wà nínú afẹ́fẹ́ ṣáá. Wáyà á máa mu ún bí òwú àtùpà ṣe ń mu epo. Lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ fi jó o, tàbí kí ẹ fi irin tẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú púláyà tó bá a mu, kí ẹ wá fi rọ́bà tó ń súnkì bo ìdí rẹ̀. Kí fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Fíúsì tó wà ní òpin wáyà kò dáàbò bo wáyà kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá kan, wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba. Bàbá kan ló ti Èkó wá, Alájì, ẹni iyì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ẹnì kan ti bá wọn so bùútù wọn ní Èkó. Wọ́n wọ ìlú pẹ̀lú ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún iná nínú bátìrì ńlá, wọ́n ní àwọn á gbá iná sí i nílé. NEPA kò mú iná wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n tan, ọkọ̀ kọ̀ ọ́, torí kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó wọ ilẹ̀. Ni wọ́n bá gbé e sójú kan fún ọjọ́ márùn-ún. Gbogbo aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, agbádá, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, inú bùútù ló wà.

Lóru ọjọ́ kejì, bùútù dá ṣí. Wọ́n pa á. Ó tún ṣí. Màmá Alájì, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní ayé ti gbọ́ pé ọmọ òun délé. Wọ́n ránṣẹ́ pe aláàfáà. Aláàfáà gbàdúrà, ó dáa, àdúrà kì í pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó gbé hàǹtú, ó bù ú wọ́n etí bùútù, ó sì da èyí tó kù sójú ìdè gan-an, ibi tí wáyà wà. Láti ìgbà yẹn ni bùútù kò ṣí mọ́ rárá. Nígbà tó di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, gbogbo ọkọ̀ kú pátá. Ilẹ̀kùn kò ṣí, ojú ìwòran kò tàn. Èyí sì ni ọkọ̀ tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ kankan.

Bí mo ṣe wọ inú ọgbà wọn, awakọ̀ tírélà kan ti gbé bátìrì méjì tó so pọ̀ di fóòtì 24 sílẹ̀, ó ti mú púláyà lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí yóò so ó mọ́. Mo kígbe mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọdé sá wọlé. Fóòtì 24 lórí ọkọ̀ yẹn! Àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè jóná. Ẹni tó fẹ́ ṣoore ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oore tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe, ìkà ni.

Lára bọ́ńpà iwájú Model 3, ìdérí róbótó kan wà, ibi tí wọ́n ti ń so irin ìwọ́. Mo tẹ etí rẹ̀, ó yọ. Wáyà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa àti dúdú, tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ fún irú ọjọ́ báyìí. Mo so bátìrì kékeré fóòtì 12 tèmi mọ́ wọn, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ta sókè. Bátìrì ọkọ̀ ń ka fóòtì mẹ́rin àti díẹ̀. Mo fún un ní iná láti ìta, ọkọ̀ jí. Mo gba ẹ̀yìn àga wọ inú bùútù, mo ṣí pílásítíìkì apá ọ̀tún. Téèpù dúdú ni, ó rin gbindin. Nígbà tí mo tú u, fọ́nrán bàbà ti di àwọ̀ ewé, ìdajì ti gé. Iná ń já, ó ń so, àpótí ń rò pé wọ́n ń tẹ bọ́tìnì. Ìyẹn ni àǹjọ̀nú tó ń ṣí bùútù lóru.

"Rewáyà, ṣé ẹ dá a lójú pé kì í ṣe ayé?" Alájì ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, wáyà ni. Ẹ wò ó."

Mo gé e, mo fi lé wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n mú u fún màmá wọn, màmá náà fi ìka pa á, àwọ̀ ewé rẹ̀ dà sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Alájì fi wọ agbádá tán, a ti ń gbọ́ ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin Balógun láti òkèèrè, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn sì ti yan kọjá. Ọkùnrin tó so wáyà yẹn ti gbowó rẹ̀ láti Èkó, kò sì gbé ìpè wọn mọ́.

Mo ń bínú sí irú wọn. Wọ́n á wo fídíò kan, wọ́n á ra téèpù, wọ́n á sọ ara wọn di ẹ́ńjíníà. Ọ̀kan nínú wọn ń wá ibi tí yóò ti rí iná fún bùútù, ó sì fẹ́ gé wáyà aláwọ̀ ọsàn. Ẹ̀yin ará, wáyà aláwọ̀ ọsàn nínú ọkọ̀ oníná kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohunkóhun tí iná rẹ̀ bá ju fóòtì 60 lọ ni wọ́n ń kùn bẹ́ẹ̀, èyí tó sì ń ti bátìrì ńlá wá lè pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ bùútù kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí i lójú yín, ẹ gba ọkọ̀ yín.

Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn tún wà. CAN ni a ń pè é; Bosch ti Jámánì ló gbé e jáde ní 1986, orí rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí a bá ti já bátìrì kékeré, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí 60 ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) láàárín méjèèjì. Tó bá di 40 lẹ́yìn tí wọ́n so àpótí yín mọ́ ọn, wọ́n ti kó ohun tí kò yẹ sí i.

Ó ku ìka àwọn ọmọ. Bùútù tó ń dá pa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu òun, kó sì padà sókè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù ni mo fi ń dán an wò: màá fi sẹ́nu bùútù, màá jẹ́ kó pa. Tí èèpo rẹ̀ bá bẹ́, mi ò ní gba owó iṣẹ́, màá yí agbára ọ̀pá sílẹ̀ títí yóò fi padà láìfọwọ́ kan èèpo. Màá tún wo ọwọ́ ìfà tó ń tàn lókùnkùn nínú bùútù, èyí tí ọmọ tó há síbẹ̀ lè fi ṣí i. Ìdè tuntun máa ń dí i lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Tó bá ti dí i, mi ò ní so ìdè náà, ẹ ì báà ti rà á ní iye kíye.

Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kí ó wá ní òwúrọ̀, torí pé gbogbo ọjọ́ ni yóò gbà. Kí bátìrì ńlá ju ìdajì lọ. Kó sọ fún mi bóyá bátìrì kékeré rẹ̀ jẹ́ olójé tàbí lithium, torí pé ti lithium tí Tesla ń lò láti ìparí 2021 kì í ṣe fóòtì 12 gan-an, ṣájà ti àtijọ́ kò sì bá a mu. Kó mú káàdì tí a fi ń ṣí ọkọ̀ dání lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kó sì kó gbogbo ẹrù inú bùútù sílé kó tó kúrò, pàápàá aṣọ òde.