Tí ilé bá jóná, èló ni inṣọ́ránsì máa san gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye tí àwọn fi ra nǹkan ni inṣọ́ránsì máa dá padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ó dọwọ́ ohun tó wà nínú pọ́lísì yín, ìyẹn ìwé àdéhùn inṣọ́ránsì yín.

Tó bá jẹ́ indemnity, wọ́n á yọ owó ogbó. Ká ní fíríìjì yín jóná, tuntun ẹ̀ lọ́jà ti di ₦600,000, ẹ ti lò ó fún ọdún 4, wọ́n sì gbà pé irú ẹ̀ ń lo ọdún 10, wọ́n á yọ ₦240,000, ₦360,000 ló máa kàn yín, àpò yín ni ìyókù ti máa jáde. Tó bá jẹ́ reinstatement, èyí táwọn ará London ń pè ní new for old, wọn ò ní yọ nǹkan kan fún ogbó, àmọ́ premium ẹ̀, ìyẹn owó tẹ́ ẹ̀ ń san fún inṣọ́ránsì, wọ́n díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe ná kí wọ́n tó san owó náà pé.

Ti ilé wá ńkọ́? Ẹ má fi iye tẹ́ ẹ lè tà á kọ fọ́ọ̀mù, torí owó ilẹ̀ wà nínú ẹ̀, ilẹ̀ ṣáà ò lè jóná. Iye tẹ́ ẹ máa fi tún un kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ: símẹ́ǹtì, irin, páànù, owó bíríkìlà àti káfíńtà, owó àkítẹ́ẹ̀tì, títí dórí owó kíkó àwókù dànù.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní average. Ká ní ẹ kọ ₦30 mílíọ̀nù sílẹ̀ ní 2021, ó tó nígbà yẹn, náírà wá já wálẹ̀ ní 2023, gbogbo nǹkan ìkọ́lé gbówó lórí, ilé yẹn ti di ₦90 mílíọ̀nù láti kọ́, ẹ̀yin ṣì ń fi iye àtijọ́ renew torí bróókà tó bá yín ṣe inṣọ́ránsì náà ò bi yín léèrè. Iná wá jó kíṣìnì, àtúnṣe ẹ̀ jẹ́ ₦9 mílíọ̀nù. Ẹ máa rò pé 9 ò ṣáà tíì tó 30, wọ́n á san án pé. Rárá o! Ìdá kan nínú mẹ́ta ilé lẹ ṣe inṣọ́ránsì fún, ìdá kan nínú mẹ́ta 9 náà ni wọ́n máa san, ₦3 mílíọ̀nù péré. Lójú tèmi kì í ṣe ìrẹ́jẹ, torí premium tí wọ́n gbà náà ò ju ti ₦30 mílíọ̀nù lọ, àmọ́ ó yẹ kẹ́ni tó tà á fún yín ti là á yé yín látìbẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ renew, ẹ ní kí quantity surveyor, ẹni tó mọ ìṣirò owó ilé kíkọ́, bá yín ṣírò iye tí ilé náà máa jẹ́ láti kọ́ lónìí, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè fi escalation clause sí i, òun ló máa ń jẹ́ kí iye tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún.