Àbàwọ́n Tó Ń Padà Wá Sínú Àwo Tọ́lẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kubwa, Lugbe àti Karu, lágbègbè Abuja, wọ́n á fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé títí á fi funfun báláú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìlà pupa rúsúrúsú á ti tún yọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ayálégbé tuntun ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bọ́ àbàwọ́n náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Inú omi ló sábà máa ń wà.

Àwọ̀ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Bó bá pupa rúsúrúsú tàbí tó pọ́n bí ọsàn, irin ni. Dídúdú lè jẹ́ manganese, irú mẹ́táàlì kan tó máa ń yòrò sínú omi bí irin, ó sì lè jẹ́ ebu lásán. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù máa ń wá láti ara páìpù bàbà, àmọ́ páìpù oníke ló pọ̀ jù nílé wa, nítorí náà kò wọ́pọ̀. Ti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀bi omi rárá: kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Serratia marcescens ló sábà máa ń fà á, ibi tó bá ti tutù ló sì fẹ́ràn.

Ti irin ló ń yọ àwọn ará Abuja lẹ́nu jù. Orí àpáta ni ìlú náà jókòó lé, omi kànga-dẹ̀rọ sì ń gba àárín àpáta àti ilẹ̀ pupa kọjá kó tó débi tí ẹ̀rọ ti ń fà á. Afẹ́fẹ́ kì í tó nísàlẹ̀ yẹn, nítorí náà irin á yòrò sínú omi láìfi àwọ̀ kankan hàn. Bí omi bá jáde, tí afẹ́fẹ́ kàn án, irin yìí á dípẹtà, á sì lẹ̀ mọ́ ara àwo. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ gaara nínú ife kó sì máa ba tọ́lẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kò sì dìgbà tó bá pọ̀: bí irin bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan, ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kò gba owó. Ẹ bu omi láti ẹnu kànga gan-an, kó tó dé táńkì, sínú ike funfun, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Bó bá mọ́ nígbà tí ẹ bù ú, tó wá pọ́n tàbí tí nǹkan pupa rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni irin ti ń bọ̀. Bó bá mọ́ síbẹ̀, ẹ bu ti táńkì òkè, kí ẹ sì ṣí ìdérí táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn àwo. Ibi tí omi bá ti kọ́kọ́ yí padà ni iṣẹ́ wà. Ó lè jẹ́ páìpù onírin tó ti gbó, ó sì lè jẹ́ bóòtù kan ṣoṣo tó dípẹtà nínú táńkì kékeré náà. Bí ẹrọ̀fọ̀ inú rẹ̀ bá ń yọ̀ bí ilá, kòkòrò tó ń fi irin ṣe oúnjẹ ti wọ̀ ọ́.

Ládùúgbò tí omi ìjọba láti dáàmù Usuma ti ń ṣàn, páìpù ni ká fura sí ju omi lọ, pàápàá bí omi bá ti dá fún ìgbà díẹ̀ kó tó dé. Ríra omi lọ́wọ́ mairuwa, ẹni tó ń ta omi kiri, nítorí àbàwọ́n kò dájú, torí òun náà lè ti pọn ọ́n láti kànga-dẹ̀rọ.

Ibi tí àbàwọ́n wà ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bó bá yí gbogbo abẹ́ ètí àwo ká, omi fúnra rẹ̀ ni. Òrùka níbi tí ojú omi dé kàn ń sọ pé omi dúró pẹ́, bí ìgbà tí gbogbo ilé lọ sílé ọdún. Ìlà kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé rọ́bà tó dí ìdí táńkì kékeré ń jò. Ẹ da zobo tó ki, tí kò ní ṣúgà, sínú táńkì náà (ó dára ju kí ẹ máa wá àwọ̀ rà lọ), kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ zobo bá yọ nínú àwo, ẹ pààrọ̀ rọ́bà.

Ní ti fífọ̀, Hypo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré mú, kò sì dára fún irin. Ńṣe ló ń mú kó túbọ̀ dípẹtà, kó sì le mọ́ ara àwo. Ohun kíkan ló ń tú u: ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, tàbí ọṣẹ tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì. Ẹ má da èyíkéyìí nínú wọn pọ̀ mọ́ Hypo láé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kànìnkànìn onírin náà ń bó dídán ara àwo, ojú ibi tó bá bó ni irin á sì máa rí dì mú.

Bó bá jẹ́ kànga, onílé lè jẹ́ kí omi máa já bí ṣáwà sínú táńkì kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, kí irin rọ̀ sísàlẹ̀ níbẹ̀, kí omi wá gba inú iyanrìn kọjá kó tó wọlé. Ó ṣe pàtàkì kí ẹnu ọ̀nà àbájáde táńkì má ṣe wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì máa fọ ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ kúrò. Ayálégbé tí onílé kò dá lóhùn lè fọ táńkì kékeré tirẹ̀, kó pààrọ̀ rọ́bà àti bóòtù, kó sì máa fi ohun kíkan fọ àwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí irin tó le.