Bí orin inú àwo àtijọ́ ṣe ń dé orí rédíò ní Òṣogbo

Ní ilé-iṣẹ́ rédíò tó bá ń lo orin àwọn ọdún 1970 nìkan, iwájú maikirofóònù kọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Yàrá tí wọ́n ti ń gba orin kúrò lára àwo sínú kọ̀ǹpútà ni. Àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusuf Olatunji, jùjú Ebenezer Obey: orí àwo ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde, púpọ̀ nínú àwo ọ̀hún sì ti pẹ́ nínú àpótí.

Fífọ̀ ló ṣáájú. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú ìlà àwo, abẹ́rẹ́ á sì máa lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Omi kànga kò dára, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbẹ síbẹ̀. Omi tí wọ́n gbà láti ara ooru omi híhó ló yẹ, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́, kí omi má sì kan bébà àárín àwo. Àwo tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbọ́dọ̀ rí spirit rárá. Ojú rẹ̀ á bàjẹ́.

Àwo ńlá a máa yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá ti dẹ̀, orin á máa wọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tẹ àwo kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù, torí yóò máa fò. Nǹkan bíi gíráàmù 2 tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí ihò àárín àwo kò bá bọ́ sí àárín gan-an, ohùn á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Orin èèbó lè gba èyí mọ́ra díẹ̀, àmọ́ gángan tó ń fọhùn yóò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bí rédíò bá ń hùn, wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: wọ́n á lo ètò kọ̀ǹpútà láti pa ariwo "ṣììì" rẹ́ pátápátá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ariwo náà, ibì kan náà ni wọ́n wà lókè ohùn. Bí ariwo bá lọ tán, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á bá a lọ, àpàlà á sì dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ó sàn kí ariwo díẹ̀ ṣẹ́kù. Títa tó ń dún "pá" nìkan ni kí wọ́n máa fọwọ́ yọ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Jùjú ìgbà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ojú àwo kan lè tó ìṣẹ́jú 18, orin á máa wọnú orin láìdáwọ́ dúró, ìròyìn sì ní wákàtí tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ orin ló gbọ́dọ̀ sàmì síbi tí wọ́n lè gé e: ibi tí gìtá ti ń dá lù ni, kì í ṣe àárín oríkì ẹni tí wọ́n ń kì. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń gbà á, ojú àwo náà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ a máa rọra dẹwọ́ kó tó dúró. Bátìrì tó ń gbé iná dúró ló ń gbani.

Orúkọ olórin, nọ́ńbà ara àwo àti iye ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún owó ẹ̀tọ́ olórin. Haruna Ishola kú ní 1983; lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà títí di òpin ọdún 2053.