Òfin tó de bíba àmì àti iná ojú pópó jẹ́

Òfin tó de bíba àmì àti iná ojú pópó jẹ́ ni òfin tó kà á léèwọ̀ kí ẹni tí kò ní àṣẹ yọ, wó, bò, kun tàbí yí ohun tí ìjọba gbé sójú ọ̀nà láti darí ọkọ̀ padà. Pátákó ìkìlọ̀, iná adarí ọkọ̀, ìlà ojú títì àti àmì ojú irin wà lára wọn. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí olè jíjà lásán ni pé ẹni tí yóò fara gbá kì í ṣe ẹni tó ni pátákó. Awakọ̀ tí kò mọ nǹkan kan ni, tó ń bọ̀ lóru, tó gbà pé bí òun kò bá rí àmì, ọ̀nà là.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn jọ àwòṣe òfin ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní Uniform Vehicle Code, tí abala 11-205 rẹ̀ kò yọ ẹni tó kàn gbìyànjú sílẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ Florida wà ní abala 316.0775. Ìpínlẹ̀ yìí náà ni ẹjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti ṣẹlẹ̀, ní ẹkùn Hillsborough nítòsí Tampa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ọdún 18, wọ oríta kan láìdúró, ọkọ̀ akẹ́rù sì kọ lù wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú. Pátákó “Dúró” tó yẹ kó dá wọn dúró kò sí lóòró mọ́. Wọ́n mú ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn. Àwọn wọ̀nyí jẹ́wọ́ pé àwọn jí pátákó níbòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kan ti oríta yìí. Lọ́dún 1997 wọ́n jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, adájọ́ sì rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún 15. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 2001, nítorí ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ nínú àròyé ìkẹyìn rẹ̀.

Ti iná adarí ọkọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ panápaná àti áńbúláǹsì máa ń gbé fìtílà kan sórí, irú Opticom, tó ń ṣẹ́jú bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó wà lókè oríta yóò rí i, yóò sì sọ iná di àwọ̀ ewé fún ọkọ̀ tó ń sáré lọ gba ẹ̀mí là. Nígbà tí àwọn ènìyàn lásán bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú rẹ̀ kí wọ́n má bàa dúró ní iná pupa, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin lé e lórí lọ́dún 2005: ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún kan fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tà á fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó lò ó, tàbí owó ìtanràn.

Àwọn mìíràn gba orí kọ̀ǹpútà wọlé. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Los Angeles ń bá ìjọba ìlú náà fà á lórí owó oṣù, àwọn ẹnjiníà méjì da iná oríta mẹ́rin rú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tún un ṣe, àwọn méjèèjì sì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan tó gba àṣẹ fi hàn pé rédíò tó so iná bí 100 pọ̀ kò ní ààbò kankan, páásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi rán an jáde ni wọ́n ṣì ń lò. Ohun tó kù tó ń gba awakọ̀ là ni ẹ̀rọ kan nínú àpótí iná, tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ ewé tàn fún ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn.

Ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe pàápàá nílò àṣẹ. Lọ́dún 2001, ayàwòrán Richard Ankrom gun pátákó òpópónà 110 ní Los Angeles, ó fi àmì òpópónà 5 tí awakọ̀ ń wá kún un. Ìjọba kò pè é lẹ́jọ́. Àmì náà wà níbẹ̀ títí di 2009, tí wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀.

Ní England àti Wales, abala 22A òfin ìrìnnà ojú pópó ọdún 1988 lè fi ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ da ohun èlò ojú pópó rú sẹ́wọ̀n ọdún méje, bí ewu rẹ̀ bá hàn sí ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ní ẹ̀ṣẹ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, owó ìtanràn tí wọ́n kọ sí i sì jẹ́ 5,000 náírà pẹ̀lú àmì ìjìyà márùn-ún lára ìwé ìwakọ̀. Ó kéré gan-an fún ohun tó lè pa ènìyàn. Abala 451 òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá jẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní Èkó, bátìrì àti wáyà ni àwọn olè ń wá lára iná adarí ọkọ̀. Bí iná oríta bá sì kú, òṣìṣẹ́ LASTMA ni yóò dúró láàárín títì, nínú oòrùn, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò di iná pupa.