Ohùn ń ṣáájú, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e: bí fíìmù olórin ṣe ń rí ṣe

Nínú fíìmù olórin, ohùn tí à ń gbọ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí òṣèré kọ lójú kámẹ́rà. Sítúdíò ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yàwòrán, wọ́n á tan orin náà, òṣèré á máa la ẹnu tẹ̀ lé ohùn ara rẹ̀, àwọn oníjó á máa gbẹ́sẹ̀ sí i. Wọ́n lè ya ìran kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́, lápá ọ̀tún, lápá òsì, láti òkè. Tí ohùn bá ń yàtọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un yà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ so ó pọ̀. Les Misérables ti ọdún 2012 gba ọ̀nà mìíràn: ojú kámẹ́rà gan-an ni wọ́n ti kọrin, ohun kékeré kan wà létí wọn tí wọ́n fi ń gbọ́ dùùrù, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì ń dúró dè wọ́n bí ẹkún bá gba ohùn lẹ́nu wọn.

Moulin Rouge! tí Baz Luhrmann ṣe ní 2001 ló jẹ́ kí n gbà pé ohun tí orin ń ṣe ju ọ̀ṣọ́ lọ. Àmì ẹ̀yẹ Oscar méjì ló gbà, fún aṣọ àti fún ọnà ibi ìṣeré. Síbẹ̀, aṣọ kọ́ ló ń pa èèyàn lẹ́kún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Christian, òǹkọ̀wé tó ń sọ ìtàn náà, ti sọ pé Satine, olólùfẹ́ òun, ti kú. Nígbà ayọ̀, àwọn méjèèjì jọ kọ orin ìlérí pé àwọn á fẹ́ra títí dọjọ́ ikú. Lópin, lẹ́yìn tí ikọ́ ife ti ba ẹ̀dọ̀fóró obìnrin náà jẹ́, orin yẹn kan náà ló tún bọ́ sí i lẹ́nu, a sì mọ̀ pé ọjọ́ ikú ọ̀hún kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ya irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ohun tí Paris, ìlú tí ìtàn Moulin Rouge! ti wáyé, kò ní: ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Kí ọkọ fi orin ki ìyàwó rẹ̀ ní oríkì nígbà tí ara dẹ̀. Tí obìnrin náà bá kú, kí ìyáàlù nìkan máa pe oríkì náà, láìsí ẹnu kankan níbẹ̀. Gbogbo ọjà Akẹ̀sán ló máa yé. Ṣùgbọ́n sítúdíò náà ni wọ́n máa ti gba ìlù yẹn sílẹ̀, kámẹ́rà á sì sún mọ́ ọwọ́ onílù. Bí ó bá fún ọsán ìlù pọ̀, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń dẹ ọsán níbi tí etí ti ń gbọ́ ohùn òkè, kíá ni ọmọ Ọ̀yọ́ á ti rí i, omijé á sì gbẹ lójú rẹ̀. Nítorí náà, àyàn tó lu ìlù ní sítúdíò gan-an ló yẹ kó gbé e kọ́ èjìká níwájú kámẹ́rà.