Ẹ Wá Ọ̀nà Ìsọ̀kalẹ̀ Kí Ẹ Tó Gun Òkè

Ní Sátidé kan, ọkùnrin kan jókòó sórí òkè lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di itan rẹ̀ mú, itan náà sì ń gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa. A ti dé ṣóńṣó. Ó ti ya fọ́tò, ó ti fi ayọ̀ pariwo. Ìgbà tí mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó yá o, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé,” ló tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò gbọ́ràn mọ́. Mo jókòó tì í, mo pín omi mi fún un. Ibi tí a fi wákàtí kan àbọ̀ gùn, wákàtí mẹ́ta la fi sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó rí ọkọ̀ tó máa gbé wa padà sí Òṣogbo. Ẹ̀bi mi ni. Bó ṣe máa gùn ún ni mo bá a sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò bá a sọ bó ṣe máa bọ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa mú èèyàn gun òkè. Àwa ará Òṣogbo ń pe Òkè-Fìà àti Òkè-Baálẹ̀ ní òkè, ṣùgbọ́n òkè tí à ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rápálá gùn wà ní ìta ìlú: àwọn àpáta Ìragbìjí, àwọn òkè tó yí ìṣàn omi Olúmirin ká ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àti àwọn tó lọ títí dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Gbogbo ẹni tó bá pè mí ló ń béèrè bí òkè ṣe ga tó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan béèrè ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo ẹni tó ń fi okùn sọ korobá tó kún fún omi kalẹ̀. Kò fà á sókè, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi, nítorí òun ló ń dá ẹrù náà dúró kó má já lulẹ̀ gbì. Iṣẹ́ tí iṣan iwájú itan ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀: ó ń nà sí i, ó sì ń gbé gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ya okùn tínrín-tínrín inú ẹran ara, ìyẹn ló fà á tí itan fi máa ń ro èèyàn gan-an lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé àyà kì í lù kìkì nígbà ìsọ̀kalẹ̀ bíi ti ìgbà tí a ń gùn, wọ́n á rò pé àwọn ń sinmi ni. Ẹni tó bá ń gbé ilé alájà ní oògùn rẹ̀ nílé. Kó máa gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìgbà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn. Iṣan tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kì í tètè ya mọ́. Mo ti rí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì sọ̀kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Òkè kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ti gbéni lọ sí ìlú àtijọ́, gíránáìtì ni wọ́n: wọ́n rí rogodo, ojú wọn rí kásakàsa, bàtà sì ń mú un dáadáa bí kò bá tutù. Àwọn òkè apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yàtọ̀. Òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite pọ̀ nínú wọn, ó sì ń là ní ègé-ègé. Ègé tí ẹ bá dì mú lè bá yín lọ. Kí ẹ tó gbára lé e, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bó bá dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo, ẹ wá òmíràn.

Ẹsẹ̀ ni kó gbé yín, ọwọ́ kàn wà kí ẹ má baà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni. Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ẹ má gbé ju ẹyọ kan kúrò lára àpáta lẹ́ẹ̀kan. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rù máa ń mú èèyàn fi àyà lé àpáta, ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ẹ nàró, kí ìwúwo ara lè bọ́ sórí bàtà. Ibi tó bá dúró ṣánṣán, ẹ kọjú sí àpáta nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ láàárín apá. Ibi tí ẹ kò bá sì rí ara yín pé ẹ lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gùn ún, bó ti wù kó rọrùn tó lójú. Ẹ má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá tí ojú yín kò tíì dé, ejò lè wà níbẹ̀. Ẹ má sọ òkò, nítorí oyin.

Píọ́ wọ́tà márùn-ún fún ẹnì kan, ìyẹn lítà méjì àbọ̀, ni mo fi ń ṣe òdiwọ̀n. Méjì péré ni kí ẹ mu kí ẹ tó dé ṣóńṣó. Ní oṣù kọkànlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí agogo mẹ́fà àbọ̀ tó lù, òkùnkùn sì ń tètè dé lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, bó bá di agogo méjì ọ̀sán, mo ń yí padà níbikíbi tí mo bá dé. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kíkà yín kò bá pé ọgbọ̀n kí àrá tó sán, ẹ kúrò lórí ṣóńṣó kíá, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Kí ẹ tó gbéra rárá, ẹ kí Baálẹ̀ tàbí àwọn àgbà ìlú. Òkè púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń bọ, ọmọ onílùú ló sì mọ ibẹ̀.

Bí mo bá ní kí a yí padà, àwọn kan máa ń rò pé mo fi ìran ńlá dù wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní mítà 100 lè ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 36, bí ohunkóhun kò bá dí i lójú. Ẹni tó bá ga ní mítà 400 ń ríran dé nǹkan bíi 71. Ìdámẹ́rin òkè ti fún yín ní ìdajì ìran. Ojú ọjọ́ ló ń já ìyókù gbà: nígbà ọyẹ́, eruku lè jẹ́ kí ẹ má rí abúlé ìsàlẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn òjò ńlá, tí àpáta bá ti gbẹ, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jókòó kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ jẹ́ kí mímí wálẹ̀, kí ẹ gbọ́ atẹ́gùn.

Ẹ̀gbọ́n náà padà wá lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ti fi oṣù kan gba orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a dúró sórí àpáta pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ ṣóńṣó. Mo na ìka sí apá Ìgbájọ, mo sọ fún un pé àárín àwọn òkè yìí ni àwọn ará Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti kojú ara wọn títí di àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886, pé ìró ìbọn ńlá tó ń lu òkè padà ni wọ́n ní ó sọ ogun náà ní Kírìjì. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń tẹ́tí.