Bọ́tìnnì ti wọlẹ̀, àwòrán kò tíì yí: kí ni input lag, báwo la sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Wọ́n kọ 1ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) sára páálí mọ́nítọ̀ mi. Kí ló dé tí mo bá yìnbọn nínú géèmù tí ó ṣì ń pẹ́ kí n tó rí i?

Nítorí pé 1ms yẹn kọ́ ni input lag. Ohun tó ń sọ ni bí ojú mọ́nítọ̀ ṣe ń yára kúrò nínú àwọ̀ eérú kan bọ́ sí òmíràn. Input lag ni àsìkò tó ń kọjá láti ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì títí ẹ ó fi rí i lójú mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ lè pa àwọ̀ dà wéré kó sì tún máa falẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn tó ń tà á kì í la èyí yé oníbàárà.

Ta ló ń jẹ àsìkò náà?

Màósì tàbí páàdì jẹ díẹ̀, géèmù àti káàdì àwòrán jẹ tiwọn, V-Sync, ètò tó ń mú kí àwòrán dúró de mọ́nítọ̀, tún lè fi kún un. Ní 60Hz (ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ̀ẹ̀kan ní 16.7ms ni àwòrán tuntun ń jáde. Ní 144Hz ó di 6.9ms, ní 240Hz 4.2ms. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ fi ń ṣeré, ẹ kọ́kọ́ tan Game Mode ná, torí tẹlifíṣọ̀n a máa dá àwòrán dúró kó lè tún un ṣe.

Mọ́nítọ̀ kan náà, ẹni méjì wọ̀n ọ́n, iye tí wọ́n rí ò dọ́gba. Ta ló ń purọ́?

Ó lè má sí òpùrọ́ níbẹ̀. Láti òkè ni mọ́nítọ̀ ti ń ya àwòrán, ìlà tẹ̀lé ìlà, títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n Leo Bodnar fi èyí hàn kedere: ẹ so ó mọ́ ihò HDMI mọ́nítọ̀, yóò gbé ibi funfun mẹ́ta tó ń ṣẹ́jú jáde, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ẹ wá gbé ẹ̀rọ náà lé èyí tó bá wù yín, yóò sì ka iye rẹ̀ fún yín. Ní 60Hz, àárín a máa fi bíi 8ms pẹ́ ju òkè lọ, ìsàlẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16ms. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi mọ́nítọ̀ kan wé èkejì.

Mi ò lówó ẹ̀rọ. Ṣé fóònù lè ṣe é?

Ó lè ṣe é dáadáa. Ẹ fi slow motion 240fps (fíréèmù, ìyẹn àwòrán, 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ká màósì àti ojú mọ́nítọ̀ pọ̀. Fíréèmù kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní 4ms. Ẹ ka fíréèmù láti ìgbà tí bọ́tìnnì wọlẹ̀ títí iná ìbọn fi kọ mọ̀nà: bí ó bá jẹ́ 12, ó tó 50ms. Ẹ ṣe é léraléra kí ẹ fi wá ìpíndọ́gba, torí ẹ̀ẹ̀kan ò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lẹ wọ̀n yẹn o, kì í ṣe mọ́nítọ̀ nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti mọ́nítọ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ kàn pààrọ̀ mọ́nítọ̀, kí ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Ibi tó ṣòro jù ni mímọ ìgbà tí bọ́tìnnì wọlẹ̀ gan-an lábẹ́ ìka. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń jó LED kékeré mọ́ bọ́tìnnì màósì: bí ó bá ti wọlẹ̀, iná tàn.